Luis Buñuel: Olùdarí fíìmù tó gba ẹ̀bùn fún Sípéènì, tí ìjọba ilé rẹ̀ sì fi òfin de iṣẹ́ rẹ̀

Ní oṣù karùn-ún, ọdún 1961, ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ sinimá fún ìjọba Sípéènì gun orí ìtàgé ní ìlú Cannes, ní ilẹ̀ Faransé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba Palme d'Or, ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù náà. Kò sí fíìmù Sípéènì tó gba irú rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yìí kò tọ́jọ́. L'Osservatore Romano, ìwé ìròyìn Vatican, bẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà pé ó tàbùkù ẹ̀sìn Kristẹni. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó lọ gba ẹ̀bùn, ìjọba Ọ̀gágun Francisco Franco sì fi òfin de fíìmù náà. Viridiana ni wọ́n pè é. Luis Buñuel ló darí rẹ̀.

Ìlú Calanda, ní agbègbè Aragon, ni wọ́n bí Buñuel sí ní ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 1900. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ méje. Ìlú Havana, ní Cuba, ni bàbá rẹ̀ ti ṣòwò tó fi di olówó kó tó padà wálé wá gbéyàwó. Ilé-ìwé àwọn àlùfáà Jesuit ní Zaragoza ni wọ́n fi Luis sí. Kò dàgbà púpọ̀ kó tó kọ ẹ̀sìn sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀sìn kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní Calanda, ọ̀sán Jímọ̀ Rere ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù, wọn kì í sì í dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ kejì. Ìró ìlù yìí kan náà ni ó fi parí Nazarín, fíìmù tó ṣe nípa àlùfáà kan.

Madrid ló ti kàwé, níbi tó ti di ọ̀rẹ́ akéwì Federico García Lorca àti ayàwòrán Salvador Dalí. Òun àti Dalí ni wọ́n jọ kọ Un chien andalou, tó jáde ní Paris ní ọdún 1929. Owó ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti fi abẹ gé ẹyinjú obìnrin. Ojú ọmọ màlúù tó ti kú ni wọ́n gé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n títí dòní ni àwọn òǹwòran ń dijú tó bá débẹ̀.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì ní ọdún 1936. Wọ́n pa Lorca. Buñuel, tó wà lẹ́yìn ìjọba tí Franco ń bá jà, bá ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ọnà kan ní New York, kó tó kọjá sí Mẹ́síkò ní ọdún 1946. Ó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1949. Níbẹ̀ ló ti ṣe Los olvidados, fíìmù tó sọ ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọ ìgboro. Inú bí àwọn ará Mẹ́síkò sí i, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ fíìmù náà kúrò nílé sinimá, àfìgbà tí Cannes fún un ní ẹ̀bùn olùdarí tó dára jù lọ ní ọdún 1951.

Nígbà tó gbà láti padà lọ ṣe fíìmù ní Sípéènì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sá fún Franco bínú gidigidi. Lójú wọn, ó ti dalẹ̀. Ìjọba ní tirẹ̀ ń wá ohun tí yóò fi hàn ayé pé ojú rẹ̀ ti là.

Ìtàn Viridiana dá lórí ọ̀dọ́mọbìnrin tó fẹ́ di sísítà nínú Ìjọ Àgùdà. Ọkọ àǹtí rẹ̀ tó ti dolóògbé fẹ́ fi í ṣaya, nígbà tí ó kọ̀, ọkùnrin náà pokùn so. Viridiana kó àwọn alágbe sínú ilé tó jogún kó lè ṣàánú wọn. Lọ́jọ́ tí àwọn onílé jáde, àwọn alágbe fọ́lé wọlé, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì tò sídìí tábìlì gẹ́gẹ́ bí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà. Orin Halelúyà tí Handel kọ ń dún lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ orí ìwé ni àwọn aláyẹ̀wò ìjọba kà; ohun tí kámẹ́rà yóò fi ṣe kò hàn lórí ìwé. Ohun tí wọ́n rí ni pé, níparí eré, Viridiana kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọkùnrin olóògbé náà, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì padé. Wọ́n ní kò bójú mu. Buñuel yí i padà: ó wọlé, ó bá ìránṣẹ́bìnrin níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó ta káàdì. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọjá káàdì. Buñuel fúnra rẹ̀ gbà pé èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, a jẹ́ pé àwọn aláyẹ̀wò ló bá a tún eré ṣe.

Iṣẹ́ kò wọ́n ọn lẹ́yìn náà. Ó gba Kìnnìún Oníwúrà ní Venice ní ọdún 1967 fún Belle de jour, ó tún padà sí Sípéènì ṣe Tristana ní ìlú Toledo ní ọdún 1970. Ilẹ̀ Faransé ni Oscar tó gba ní ọdún 1973 sì jẹ́ tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó fíìmù náà ti wá.

Ọdún 1975 ni Franco kú. Ọdún 1977, ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn ẹ̀bùn Cannes, ni àwọn ará Sípéènì tó láǹfààní láti wo Viridiana nílé sinimá. Ọdún náà gan-an ni Buñuel ṣe fíìmù rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìlú Mexico City ló kú sí ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1983, lẹ́yìn ọdún 34 tó ti di ọmọ Mẹ́síkò.