Ohun Tó Yẹ Ká Sọ fún Ẹni Tí Jìnnìjìnnì Ò Tíì Kúrò Lára Rẹ̀

Bíi 40 èèyàn ló kú nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier nílùú Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Lára àwọn tó yè, ọgbẹ́ lè ti jinná, kí ti ọkàn má tíì san. Ilẹ̀kùn á gbá gbàà, ẹni náà á ta gìrì, òógùn á bò ó. Kì í rí oorun sùn.

Kí la sì máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? “Ṣebí ẹ̀mí ò lọ sí i, dúpẹ́.” “Ìgbàgbọ́ rẹ dà?” Ìfẹ́ ló sábà ń mú wa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, tá a ní kó máa dúpẹ́, á rò pé ẹkún òun ti di ẹ̀ṣẹ̀. Kò ní sunkún lójú wa mọ́, kò sì ní sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun kì í sùn. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2011, wọ́n kìlọ̀ pé ká má sọ fún ẹni tí àjálù bá pé oríire ló jẹ́ pé ó yè, ká má sì fipá mú un sọ̀rọ̀.

A ò ní láti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. “Ẹ kú ìrọ́jú” ti gbà pé ẹrù náà wúwo, kò sì bi ẹni náà pé kí ló ń ṣe é. Ká fi kún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí oorun sùn lánàá?” ká wá dákẹ́, ká gbọ́. Ìdákẹ́ yẹn ló nira jù fún wa.

Ìbẹ̀rù orúkọ “wèrè” náà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ìwádìí tí Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nílẹ̀ Yorùbá, tó jáde lọ́dún 2005, ó lé ní 80 nínú èèyàn 100 tó ní ẹ̀rù á ba òun láti bá alárùn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Títí di oṣù Kìíní ọdún 2023, tí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fi dé, òfin wèrè ti 1958 la ṣì ń lò ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ tá a bá sọ lọ́sibítù náà ṣe pàtàkì. Ká ní ìyá kan tó ń gba ìtọ́jú, láti Ìfọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ò wá sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un. Tí nọ́ọ̀sì bá ní, “Ẹ̀yin yìí kì í gbọ́ràn,” ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tó bá ní, “Mà, kí ló dí yín lọ́wọ́?” ó lè gbọ́ pé ọ̀nà ló ń ba ìyá lẹ́rù: ojú ọ̀nà yẹn, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, ni wọ́n ti pa Olúfọ̀n, Ọba Adéùsì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Nígbà náà, wọ́n á jọ wá bí ìyá ṣe máa gba ìtọ́jú nítòsí ilé.