Láti Etí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ dé Ganvié

Omi tí ó wà létí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ kò dá dúró. Ó gba ìwọ̀-oòrùn lọ kọjá iwájú Ìkòròdú, ó bọ́ sínú ọ̀sà Èkó, ó tọ ẹ̀gbẹ́ Bàdágìrì lọ, títí ó fi wọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ń pè ní Porto-Novo. Odò tóóró kan tó ń jẹ́ Totché ló so ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ́ ọ̀sà Nokoué. Inú Nokoué yìí ni ìlú Ganvié dúró sí lórí òpó igi, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ti lọ sí Kútọnu rí nítorí aṣọ tàbí mọ́tò tòkunbọ̀, tí a kò sì yà dé Ganvié. Ó dùn mí, nítorí kò sí ìlú òkèèrè tó yẹ kí ọmọ etí ọ̀sà kọ́kọ́ fojú rí tó o.

Àwọn Tòfínù ló ni ìlú náà. Láyé òwò ẹrú, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń ká àwọn ìlú kéékèèké mọ́lé láti kó èèyàn lọ tà ní Wídà, inú ọ̀sà ni wọ́n sá wọ̀. Ìtàn wọn sọ pé èèwọ̀ ni fún àwọn Fọ̀n tó ni Dàhòmì láti jagun lórí omi. Ó tún sọ pé ọba wọn di lékeléke kí ó lè fò wá ibi tí wọn yóò dó sí, ó sì di ọ̀nì kí ó lè gbé wọn kọjá. Ọ̀rọ̀ àwọn tó là, tí ọkàn wọn balẹ̀, ló wà nínú orúkọ Ganvié. Lónìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ju 20,000 lọ, ìlú náà sì ti wà nínú ìwé ohun tí Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún àgbáyé láti 1996.

Ẹ̀pẹ́ náà mọ bí etí omi ṣe ń gba ìsáǹsá là. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun fọ́ Èkó ní Oṣù Kejìlá 1851, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ọba Kòsọ́kọ́ forí lé, Ẹ̀pẹ́ ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló wà tí òun àti Gẹ̀ẹ́sì fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 28 Oṣù Kẹsàn-án 1854. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n àwọn ìran èèyàn rẹ̀ tí kò bá a padà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ni à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́.

Ẹni tó ń lọ sí Ganvié láti Ẹ̀pẹ́ lè gba Ìtóìkìn jáde sí Ìkòròdú. Láti Ìkòròdú, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò lọ sí Marina, tàbí kí ẹ gba Mile 12. Mile 2 ni ẹ ó ti rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ní bọ́dà. Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àpò àgbékọ́yìn kan ṣoṣo ti tó, nítorí ẹrù púpọ̀ ni í fa ìbéèrè púpọ̀ ní bọ́dà.

Ní 29 Oṣù Karùn-ún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà fẹ́ ìwé lọ́wọ́: páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, àti káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó títí ayé. Láti Oṣù Kẹwàá 2018 ni àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ní ọgbà kan náà ní Sẹ̀mẹ̀. Ẹ má ṣe bá ọlọ́kadà gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí wọn kò lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ ní àlọ yóò wá ẹjọ́ rò ní àbọ̀. Ẹ sì bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó gbéra, nítorí Nàìjíríà ti bọ́dà náà pa láti Oṣù Kẹjọ 2019 títí di Oṣù Kejìlá 2020.

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀. Agogo wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá yóò gbé yín dé ibi púpọ̀. Ní Kútọnu, ẹ wá ọlọ́kadà ẹléwù yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ìyẹn “tètè gbé mi”, tàbí kí ẹ wọ takisí lọ sí èbúté Abomey-Calavi. Láti èbúté yìí dé Ganvié tó nǹkan bí 8 kìlómítà lójú omi. Ẹ gé owó ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀, kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan inú rẹ̀.

Ohun tí apẹja Ẹ̀pẹ́ yóò dúró wò pẹ́ ni acadja. Wọ́n á ri ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà títí yóò fi dà bí igbó kékeré. Ẹja á sá wọ inú rẹ̀, á máa jẹ ohun tó hù lára igi, á máa bímọ. Bí ó bá pẹ́ tó, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á tú àwọn ẹ̀ka náà jáde, wọ́n á sì kó ẹ̀pìyà. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ igi tó ń jẹrà níbẹ̀ ń mú kí ọ̀sà máa dí, ó sì yẹ kí àwa tó ń pẹja ronú sí ìyẹn.

Ẹ ó tún rí àwọn obìnrin onífìlà gbàràmù tí wọ́n fi ọkọ̀ ṣe ìsọ̀, tòmátì níwájú, ẹja yíyan lẹ́yìn, tí ọmọ kékeré ń wà wọ́n lọ. Ẹ ó rí ọkọ̀ tó tò lábẹ́ ẹ̀rọ omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, nítorí omi ọ̀sà kò ṣeé mu. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìtọrọ ààyè. Ilé èèyàn ni.

Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta ló dára jù láti lọ. Ní Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá, odò Ouémé máa ń kún wọ ọ̀sà. Bí ọyẹ́ bá bo ojú omi láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ó ká kí ẹ tó wọkọ̀. Àárọ̀ ni ọjà omi kún jù, nítorí náà ẹ sun Kútọnu tàbí Calavi mọ́jú. Káàdì yẹ́lò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ́sẹ̀ yìí.