Ẹni Tó Béèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà

Ẹ kà: Jákọ́bù 5:13-16

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa lónìí. Ọtí ń bẹ nínú ilé àwa onígbàgbọ́. Bàbá kan wà tó ń gbé igbá ọrẹ ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ mọ ibi tó ń fi ìgò ògógóró pamọ́ sí. Arákùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ lẹ́ẹ̀mẹta pé òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tún padà sídìí rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń parọ́ nígbà tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ o. Ó fẹ́ jáwọ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún, tí ọ̀rọ̀ náà kò ní di ìròyìn káàkiri ìjọ kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Wilson kúrò ní New York, ó bá òwò lọ sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Òwò náà forí ṣánpọ́n. Ọtí ti gbé Wilson dé ilé ìwòsàn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti jáwọ́. Bó ti dúró ní òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí, ó ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń mutí, ọkàn rẹ̀ sì ń fà síbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá wọlé tọ̀ wọ́n, ó parí.

Kí ló ṣe? Ó gbé tẹlifóònù, ó pe àlùfáà ìjọ kan tí kò mọ̀ rí, Walter Tunks. Kò tọrọ owó. Ọ̀mùtí bíi tirẹ̀ tí òun lè bá sọ̀rọ̀ ló ń wá. Àlùfáà náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún un ní orúkọ àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́, títí ó fi kan ìyáàfin kan, Henrietta Seiberling, ẹni tó mú un mọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Robert Smith. Dókítà ní ìṣẹ́jú 15 péré ni òun yóò fi jókòó. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Smith tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún náà, kò mutí mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1950. Bí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Dókítà ni Smith, ó mọ ohun tí ọtí ń ṣe nínú ara. Ó sì ti ń lọ sí ìpàdé àdúrà fún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń mu. Ṣé àdúrà kò lágbára ni? Rárá o! Jákọ́bù kò pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ó ní kí á jẹ́wọ́ fún ara wa, kí á sì gbàdúrà fún ara wa. Smith ti ń gbàdúrà. Wilson wá jẹ́ ọ̀mùtí bíi tirẹ̀ tó lè bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, wọn kì í bu owó ẹgbẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí èèyàn ṣáà ti fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, ó ti tó. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe ara wọn, kí àṣírí má baà tú. Oníkálukú ń sọ ìtàn ara rẹ̀, wọn kì í dá ara wọn lẹ́jọ́. Wọn kì í sì í jẹ́jẹ̀ẹ́ títí ayé. Ti òní nìkan ni wọ́n ń rò. Ẹgbẹ́ Al-Anon, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, wà fún ìyàwó, ọkọ àti ẹbí ẹni tó ń mutí.

Báwo ni ẹ ó ṣe rí irú ìpàdé yìí? Ẹ béèrè ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, tàbí ní Yaba, l'Ékòó. Lílọ síbẹ̀ kò sọ èèyàn di wèrè. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò nílùú òyìnbó tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ló ń yá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní yàrá. Bí ìpàdé àkọ́kọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá òmíràn. Ẹ bá ẹni yín dé ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló wúwo jù.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹni tó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má ṣe tì í mọ́lé ní orúkọ ààwẹ̀.

Bí kò bá sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nítòsí ńkọ́? Èèyàn méjì ni wọ́n ní Akron. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ yọ̀ǹda yàrá kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí Ọlọ́run ti yọ nínú ọtí jókòó ti ẹni tó ṣì wà nínú rẹ̀. Kí àwa yòókù sì pa ẹnu wa mọ́.

Lónìí, ẹnìkan lè wá sọ́dọ̀ yín bí Wilson ṣe pe àlùfáà yẹn. Kí ni yóò bá lẹ́nu yín?

Àdúrà: Olúwa, fún ẹni tí ọtí dè ní ìgboyà láti béèrè, kí o sì fún àwa ní etí tí ń gbọ́ àti ẹnu tí ń pa àṣírí mọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.