WÚRÀ ILẸ̀ ÌJẸ̀ṢÀ ÀTI OMI TÍ A Ń MU

Wúrà ń bẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn, nítorí láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe àkóso wa ni a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń wà á ní Ìpérindó, ní Ìtagúnmodì àti ní àwọn abúlé mìíràn ní agbègbè Iléṣà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti gbogbo ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé sọ lónìí kì í ṣe ti wúrà bí kò ṣe ti omi. A kò sì lè sọ ti omi kí á má dárúkọ wúrà, nítorí inú ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jáde.

Odò Ọ̀ṣun, tí orísun rẹ̀ wà ní Ìgèdè-Èkìtì, a máa gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo. Ẹni tí ó bá mọ odò yìí ní ogún ọdún sẹ́yìn yóò jẹ́rìí pé bí ó ti rí báyìí kọ́ ni ó ti rí tẹ́lẹ̀: ó ti pọ́n bí omi tí a fi fọ amọ̀. Ní ọdún 2021, àjọ kan tí ń jẹ́ Urban Alert, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Òṣogbo, bu omi odò náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n bá òjé, mẹ́kúrì àti sáyánáìdì nínú rẹ̀. Nínú omi tí wọ́n bù ní ojúbọ Ọ̀ṣun gan-an, nínú igbó tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2005, òjé fi ìlọ́po mẹ́wàá kọjá ìwọ̀n tí Nàìjíríà gbà láàyè, mẹ́kúrì sì fi ìlọ́po ogún kọjá a. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi odò náà. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí a fi etí wa gbọ́! Omi tí àwọn tí ń wá ọmọ ti ń bù mu láti ayébáyé, òun ni a ní kí á má fi kan ẹnu mọ́.

Ọ̀nà tí nǹkan wọ̀nyí ń gbà wọ omi kò ṣòro láti yé ni. Àwọn tí ń wa wúrà láìgba ìwé àṣẹ máa ń gbẹ́ etí odò, wọn a sì fi omi ṣan iyanrìn rẹ̀. Èyí ni ó ń sọ odò di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a da mẹ́kúrì sí erùpẹ̀ tí ó kù, nítorí mẹ́kúrì a máa gbá wúrà mọ́ra. Wọn a wá gbé e ka iná. Mẹ́kúrì a di èéfín, wúrà a sì kù nísàlẹ̀. Ẹni tí ń wa wúrà rí owó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èéfín náà kò lọ. Ó ń padà bọ́ sórí ilẹ̀, òjò ń gbá a wọ odò, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú ẹrẹ̀ a sì sọ ọ́ di májèlé tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ń wọ ara ẹja, tí ó sì ń ti ara ẹja wọ ara ènìyàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Minamata ní ilẹ̀ Japan nìyẹn, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àìsàn náà ní ọdún 1956, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ńlá ni ó da mẹ́kúrì tiwọn sí òkun. Ní ti òjé, ó lè wà nínú òkúta kan náà tí wúrà wà. Bí a bá ti fọ́ òkúta náà, a ti tú òjé sílẹ̀.

Àwọn olùkọ́ yóò fẹ́ mọ bí ìwọ̀n tí a ń sọ ti kéré tó. Òfin omi mímu ilẹ̀ wa kò gbà ju 0.01 miligíráàmù òjé lọ nínú lítà omi kan. Ti mẹ́kúrì kò gbọ́dọ̀ ju 0.001 lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi kẹ́ẹ̀gì sọ ọ́. Bí òjé tí ó wúwo tó horo ṣúgà kan tàbí méjì bá wọ inú kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin, oní-lítà 25, omi náà ti dé ẹnu ààlà. Ti mẹ́kúrì, ogójì kẹ́ẹ̀gì ni yóò gbé irú horo bẹ́ẹ̀. Ojú kò lè rí i, imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n. Omi tí ó mọ́ gaara nínú ife lè gbé e sínú.

Àwọn ọmọdé ni ó ń bá jà jùlọ. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a lè pè ní aláìléwu. Ọmọ tí ń gbàgbé ohun tí a kọ́ ọ lánàá, tí kò lè fọkàn sí ìṣirò, olódo ni a máa ń pè é ní kíláàsì. Kì í ṣe gbogbo olódo ni ó mu òjé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó na pàṣán. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ ni òjé pa, nítorí pé inú ilé ni àwọn òbí wọn ti ń lọ òkúta wúrà, eruku rẹ̀ sì bo ẹní, ìkòkò àti kànga.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ohun tí a kọ yìí sáré kiri ìlú pé májèlé wà nínú omi ẹ̀rọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. A kò wí bẹ́ẹ̀. Omi ojúbọ Ọ̀ṣun kọ́ ni omi kànga ilé yín. Omi kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtàn tirẹ̀, àyẹ̀wò nìkan ni ó sì lè sọ ọ́. Nígbà mìíràn pàápàá, odò kò jẹ̀bi rárá, páìpù ni ó jẹ̀bi. Ní ìlú Flint ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2014, àwọn aláṣẹ yí omi ìlú padà sí ti odò mìíràn láti dín owó kù, wọn kò sì fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i. Òjé inú àwọn páìpù àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ omi. Amẹ́ríkà ni o, kì í ṣe ìgbèríko wa.

Kí ni ẹni tí ó wà nílé lè ṣe? Níbi yìí ni àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù. Sísè omi dára púpọ̀: ó ń pa kòkòrò onígbẹ́ méjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ṣùgbọ́n kì í lé òjé tàbí mẹ́kúrì inú omi lọ bí a ti rò. Òjé kì í bá oruku omi fò lọ. Bí omi ti ń gbẹ lórí iná ni òjé ń pọ̀ sí i nínú ìyókù. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ àmù, kọloríìnì ń pa kòkòrò; iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì mọ̀ nìyẹn. Asẹ́ alámọ̀ funfun tí ọ̀pọ̀ ilé olùkọ́ ní láyé àtijọ́, tí a ń gbé sórí tábìlì ní yàrá ìjẹun, a máa dá ìdọ̀tí àti kòkòrò dúró. Ohun tí ó ti yọ́ sínú omi bí iyọ̀ yóò gba inú rẹ̀ kọjá.

Asẹ́ eléèédú yàtọ̀ díẹ̀. Èédú tí a ṣe ní ilé iṣẹ́ fún iṣẹ́ yìí, kì í ṣe èyí tí a fi ń yan àgbàdo, a máa fa òórùn, adùn burúkú àti oríṣi kẹ́míkà púpọ̀ mọ́ra. Àwọn kan wà tí a ṣe láti mú òjé pẹ̀lú, a ó sì kọ ọ́ sí ara páálí wọn. Ṣùgbọ́n èédú a máa yó. Bí ó bá ti yó tán tí a kò pààrọ̀ rẹ̀, kò wúlò mọ́, kòkòrò a tilẹ̀ fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Èyí tí ó lágbára jùlọ ni ẹ̀rọ tí ń fi ipá ti omi gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá, tí ń mú èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú òjé, mẹ́kúrì àti ásínìkì kúrò. Owó rẹ̀ kò kéré, omi gbọ́dọ̀ ní agbára nínú páìpù kí ó tó ṣiṣẹ́, ó sì ń da omi púpọ̀ nù kí ó tó fúnni ní ife kan. Ilé tí iná ń wá ní ọ̀sán kan tí kò wá ní ọjọ́ kejì, tí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ sì gbẹ, kí ni yóò fi ṣe? Ẹ má sì jẹ́ kí oníṣòwò kankan tàn yín. Ẹni tí ó bá ní asẹ́ òun ń mú ohun gbogbo kúrò, ẹ ní kí ó mú ìwé àyẹ̀wò wá.

Ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí omi bá ti sùn mọ́jú nínú páìpù, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣàn sínú garawa ìfọṣọ kí ẹ tó bu ti mímu.

Ṣùgbọ́n asẹ́ inú ilé kò lè rọ́pò ìjọba. Òfin ilẹ̀ wa fi ohun àlùmọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 2007 ni ó sì ń darí bí a ti ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Omi ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń pàṣẹ pé kí á gbẹ́ ilẹ̀ kọ́ ni ẹni tí yóò gbọ́ ẹkún abiyamọ. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Minamata ní ọdún 2013 láti dín ìlò mẹ́kúrì kù. Ẹ wá bi àwọn ará etí odò bí wọ́n bá ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí ẹ bá ń tẹ̀ lé, ẹ ti rí àwọn bóòhóòlù tí a máa ń kọ orúkọ olóṣèlú sí ara táǹkì wọn ní lẹ́tà gàdàgbà. Èwo nínú wọn ni a kọ àbájáde àyẹ̀wò omi rẹ̀ sí? Àwọn baba yín tí a ń pè ní òṣómàáló kì í gba ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Irú ìlóṣòó bẹ́ẹ̀ ni omi yìí ń fẹ́. Kí àwọn tí ó ń fẹ́ ìbò Oríadé jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun kan pàtó: àyẹ̀wò òjé, mẹ́kúrì àti ásínìkì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí á sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ní èdè Yorùbá, níbi tí ẹni tí ń lọ sí ọjà lè kà á. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ bu omi ni ẹnu ẹ̀rọ àti kànga àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, nítorí omi ìgbà méjèèjì kì í rí bákan náà.