Ìgbéyàwó Tú, Gbèsè Ilé Kò Tú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Tọkọtaya tí ó fi ẹ̀rín buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó ilé lónìí lè di ẹni tí kò fẹ́ fojú kan ara wọn mọ́ ní ọ̀la. Nígbà náà ni ìbéèrè yóò dìde: báwo ni a ṣe ń yọ orúkọ ẹnì kan kúrò nínú gbèsè tí ẹni méjì jọ jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká ní olùkọ́ kan ní Ìkìrun àti aya rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní Òkukù, jọ yá owó ní báńkì láti kọ́ ilé sí Ìnísà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ó wà nínú ìwé ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó buwọ́ lu ìwé gbèsè. Ilé náà ni wọ́n sì fi dógò. Bí ìyapa bá dé, okùn mẹ́ta ni ó so wọ́n pọ̀: okùn ìgbéyàwó, okùn ohun-ìní àti okùn gbèsè. Ọwọ́ tí ó tú ọ̀kan kò tú èkejì.

Kóòtù ni ó ń tú okùn ìgbéyàwó. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni; bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó abẹ́ òfin ìjọba, kóòtù gíga ni. Abala 72 nínú òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti ọdún 1970 fún adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ bí a ó ṣe ṣètò ohun-ìní fún àǹfààní ọkọ, aya àti àwọn ọmọ. Òfin yẹn kò kan ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Ní ti àṣà, ohun tí ọkọ ní, ti ọkọ ni. Ohun tí aya ní, ti aya ni. Nítorí náà, obìnrin tí ó ra sìmẹ́ǹtì àti páànù sí ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ, tí kò sì tọ́jú rìsíìtì, yóò ṣe wàhálà púpọ̀ kí ó tó lè fi ìdí ìpín rẹ̀ múlẹ̀.

Ní ti gbèsè, báńkì kò sí nínú ìjà tọkọtaya, ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kò sì pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Gbèsè àjọjẹ kì í sábà jẹ́ ìdajì-ìdajì lójú báńkì. Bí ọkọ kò bá san, ó lè béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ aya, ìbáà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òṣogbo láti ọdún mẹ́ta. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé ẹni tí ó jáde nínú ilé ti jáde nínú gbèsè.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí a díyelé ilé náà. Ká ní ó tó 12,000,000 náírà, tí gbèsè sì ku 5,000,000. 7,000,000 ni ó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá gbà láti pín in dọ́gba, tí nọ́ọ̀sì náà yóò sì máa gbé inú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ, yóò fún ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ní 3,500,000, yóò sì dá gbèsè tí ó kù rù.

Èkejì, kí wọ́n tọ báńkì lọ. Báńkì yóò wò ó bóyá owó oṣù ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ẹrù tí ẹni méjì ń gbé. Bí ó bá gbà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti tú ẹnì kejì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Bí ó bá kọ̀, a lè wá onígbọ̀wọ́ tí ó lágbára, tàbí kí a ta ilé, kí a san gbèsè, kí a pín èyí tí ó ṣẹ́kù.

Ẹ̀kẹta, ìwé ilẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí kí ó fi í dógò, láìgba àṣẹ gómìnà. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi hàn pé ìdógò tí kò ní àṣẹ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ tọ̀ lọ: Ifẹ́lódùn fún ará Ìkìrun, Odò-Ọ̀tìn fún ará Ìnísà àti Òkukù.

Ọ̀pọ̀ ni kò tilẹ̀ dé báńkì rí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ti yá owó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Aya tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọkọ ṣì jẹ́ onígbọ̀wọ́ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, títí gbèsè yóò fi tán, tàbí tí ẹgbẹ́ yóò fi gba ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí ìwé yóò fi jáde, kí owó sísan má ṣe dúró, nítorí báńkì kì í dúró de ìjà kí ó tó ta ilé. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Àwọn ọmọ tí ń sùn lábẹ́ òrùlé náà kò jẹ báńkì ní kọ́bọ̀.