Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Kẹ̀kẹ́ Tí A Ń Fi Ọwọ́ Wà

Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Adjamé, nílùú Abidjan, ariwo ti gba ìgboro nìyẹn. Àwọn gbaka, ìyẹn bọ́ọ̀sì kéékèèké, ń pe èrò. Àwọn alágbàárù ń sáré. Àwọn oníṣòwò ń pàtẹ, títí kan àwọn Yorùbá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Ẹ̀jìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wá. Báwo ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ṣe fẹ́ wọ irú ọjà bẹ́ẹ̀?

Ní Abidjan, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ aláàbọ̀ ara ń lò. Wọ́n á jókòó bí ẹni jókòó sórí àga, wọ́n á na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ yí irin tó wà níwájú àyà wọn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1655, Stephan Farffler, aṣaago kan nítòsí Nuremberg, nílẹ̀ Jámánì, tí kò lè rìn, ṣe irú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó lé ní 150 ọdún lẹ́yìn náà kí kẹ̀kẹ́ ológeere tó dé. Lóde òní, ní Jos, Ayuba Gufwan, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, dá iléeṣẹ́ Beautiful Gate sílẹ̀, níbi táwọn aláàbọ̀ ara ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ yìí fáwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹsẹ̀ ló ń wà á, ọwọ́ ló ń darí rẹ̀. Lórí èyí, ọwọ́ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí a ń yí wà lórí irin tó di táyà iwájú mú, ṣéènì sì ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé táyà náà. Ẹni tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún yóò darí gbogbo rẹ̀ sọ́tùn-ún, láìdáwọ́ yíyí dúró.

Bí wọ́n bá to ibi ìdìmú rẹ̀ bíi pẹ́dàlì, tí ọ̀kan wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀, ọwọ́ kan á máa tì, èkejì á máa fà, táyà iwájú á sì máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Bí ọwọ́ méjèèjì bá jọ ń lọ, tí wọ́n jọ ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ á máa lọ tààrà. Ẹ wo èyí dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ mú un lọ sí pápá tó tẹ́jú. Kó kọ́kọ́ máa lọ tààrà, kó máa wo ọ̀ọ́kán, kó má wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó máa yí po ní òbìrìkìtì ńlá, kó tó wá sí kékeré. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń sáré. Bíréèkì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìka rẹ̀ ti lè tètè tó o. Ẹ lè máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe máa tì í, torí ẹni tí wọ́n ń tì kì í tètè mọ ìwakọ̀.

Ojú títì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kó dẹ eré kó tó yà, kó sì fi ara sí apá ibi tó ń yà sí, kí kẹ̀kẹ́ má bàa dojú dé. Kòtò tí mọ́tò lè fi sáàárín táyà rẹ̀ kọjá, inú rẹ̀ gan-an ni táyà iwájú kẹ̀kẹ́ yìí máa já sí. Níbi òkè oníyanrìn, táyà iwájú lè máa yọ̀. Kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Nítorí pé ó jókòó nísàlẹ̀, dẹ́rẹ́bà lè má rí i. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọ̀pá gíga lẹ́yìn rẹ̀.

Èjìká á kọ́kọ́ máa ro ó, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ara ń mọ́ iṣẹ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n lọ síléèwé tẹ́lẹ̀ á wá fúnra rẹ̀ pinnu ibi tóun máa yà sí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹlòmíì ń fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, ẹlòmíì ń fọwọ́ wọ̀ ọ́.