Ìwọ̀n Oúnjẹ Tí Kò Gún Régé

Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ, tí a sì kọ iye oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan fún, kì í rìn jìnnà kí ìṣòro tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú títì Ring Road ní ìlú Ìbàdàn ni ó gbà lọ sílé, ó ṣeé ṣe kí ó bá obìnrin tí ó ń sun bọ̀ọ̀lì pàdé kí ó tó dé oríta Challenge. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ sọ pé kí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gíráàmù 100. Bọ̀ọ̀lì tí ó wà lórí iná kò sì ní nọ́ńbà lára. Ọ̀kan gùn, ó sì tẹ̀ kọdọrọ. Ọ̀kan kúrú, ó sì ki. Ẹ̀kẹta ti gbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí iná ti mú un jù. Èwo nínú wọn ni gíráàmù 100? Obìnrin náà kò mọ̀, nítorí owó ni ó fi ń wọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ kò mọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì gbọ́dọ̀ jẹ ìwọ̀n oúnjẹ tí ó bá oògùn náà mu. Bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ga. Bí ó bá kéré jù, ṣúgà náà lè wálẹ̀ débi pé òógùn yóò bò ó, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Ẹni tí ó kàn fẹ́ dín ara sísan kù kò sí nínú irú ewu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà yóò fi oṣù púpọ̀ ṣe làálàá lásán bí ìṣirò rẹ̀ bá wọ́. Àwọn eléré ìdárayá mọ èyí dáradára. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger na Gene Fullmer nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò akọni àgbáyé ní Liberty Stadium ní Ring Road yìí kan náà (pápá tí a ti fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè láti ọdún 2010), àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ wúwo ju pọ́ùn 160 lọ. Ènìyàn lè gun orí òṣùwọ̀n kí a sì ka iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orí ẹja inú ọbẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni kálórì gan-an? Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ooru tí yóò mú kí omi kílógíráàmù kan gbóná sí i pẹ̀lú ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Wilbur Olin Atwater, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí tí ó fi hàn pé a lè ṣírò agbára inú oúnjẹ láti inú ohun tí ó para pọ̀ di oúnjẹ náà. Gíráàmù kan nínú oúnjẹ afáralókun, irú èyí tí ó wà nínú iṣu àti gàrí, ń fún ara ní kálórì 4. Iye kan náà ni ti oúnjẹ amáradàgbà, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹran. Ọ̀rá nìkan ni ó yàtọ̀: gíráàmù rẹ̀ kan tó kálórì 9. Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí gíráàmù, kò dúró lórí gígùn, kò dúró lórí fífẹ̀, kò sì dúró lórí iye ègé. Níbí gan-an ni wàhálà ti ń wá, nítorí pé ìrísí ni ojú ń rí, ojú kò lè rí ìwúwo. Bí a bá gbé ègé iṣu méjì tí ó gùn bákan náà kalẹ̀, tí ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ ní ìbú, ojú yóò sọ pé wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Bí ìbú ọ̀kan bá fi ìdá márùn-ún kan ju ti èkejì lọ, ìwúwo rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì jù ú lọ. Àwọn olùkọ́ ìṣirò yóò rí i pé ẹ̀kọ́ nípa ìlọ́po méjì nọ́ńbà ni èyí, àti pé ó yé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lórí iṣu ju bí ó ti ń yé e lójú pátákó lọ.

Ohun kejì tí ń dani lójú rú ni apá tí a kì í jẹ. Ìwé tí ó ń ka kálórì oúnjẹ máa ń sọ̀rọ̀ nípa apá tí ó ń wọ ẹnu nìkan. Ìwé irú rẹ̀ kan tí Oguntona àti Akinyele ṣe nípa oúnjẹ ilẹ̀ Nàìjíríà jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1995, èyí tí àjọ FAO sì ṣe fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jáde ní ọdún 2012. Ẹni tí ó bá wọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, tí ó wá fi iye inú ìwé ṣírò rẹ̀, ti ṣi ìṣirò náà pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan. Ti àgbàdo tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ṣúkù àárín rẹ̀. Ẹsẹ̀ adìyẹ ní eegun, ìgbín ní ìkarahun, orí ẹja ní eegun tí kò lóǹkà. Ta ni yóò yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó jẹun?

Kò sí ẹni tí ó nílò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a wọn oúnjẹ náà kí a tó jẹ ẹ́, kí a sì wọn ohun tí ó ṣẹ́kù sínú àwo lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́ tán. Bí àgbàdo sísè bá wúwo tó gíráàmù 240 ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ṣúkù rẹ̀ sì jẹ́ 110 nígbà tí eyín ti kúrò lára rẹ̀, gíráàmù 130 ni ó wọlé. Àgbàdo sísè kì í jìnnà sí kálórì 96 nínú gíráàmù 100, nítorí náà nǹkan bí kálórì 125 ni ẹni náà jẹ. Ọ̀nà yìí kò bìkítà bí nǹkan náà ti rí, ìbáà ṣe orí ẹja, ìbáà ṣe bọkọtọ̀. Ó tilẹ̀ bá ìrèké mu, níwọ̀n ìgbà tí a bá tu háhá rẹ̀ sínú àwo, tí a kò tu ú sí gọ́tà.

Ilé tí kò sí òṣùwọ̀n ńkọ́? Ọjà Ìbàdàn ti ní ìdáhùn tirẹ̀ tipẹ́: kóńgò fún gàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì, agolo mílíìkì fún èyí tí ó kéré. Ohun tí ó kúnná tàbí tí ó ní hóró ń tẹ̀lé ìrísí ohun tí a dà á sí, ìdí nìyí tí kóńgò fi ń wọ̀n ọ́n dáradára. Iṣu kì í tẹ̀lé ìrísí ohunkóhun. Òye Archimedes ará Syracuse ni ó wúlò níhìn-ín, ẹni tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹta kí a tó bí Jésù. Bí a bá ri nǹkan sínú omi, omi tí yóò kúrò fún un yóò gba àyè kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Kí a bu omi kún abọ́ dé ẹnu, kí a gbé abọ́ náà sínú àwo fífẹ̀, kí a ri ègé iṣu tútù sínú rẹ̀, kí a sì fi ife tí a sàmì sí lára wọn omi tí ó dà sínú àwo. Ìwúwo iṣu àti ti ẹran tí kò ní eegun kò jìnnà sí ti omi, nítorí náà omi mìlílítà 150 ń tọ́ka sí nǹkan bí gíráàmù 150. Kíláàsì kan lè parí iṣẹ́ yìí láàárín wákàtí kan, kí wọ́n sì se iṣu náà jẹ. Ọ̀nà yìí kò bá búrẹ́dì tàbí àkàrà mu rárá: afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, wọ́n sì ń fa omi mu. Nígbà tí àwọn onímọ̀ búrẹ́dì bá fẹ́ mọ bí ó ti tóbi tó, hóró èso wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà yí i ká dípò omi. Síbẹ̀ bí búrẹ́dì ti tóbi tó kò sọ bí kálórì rẹ̀ ti pọ̀ tó. Búrẹ́dì tí ó wú púpọ̀ lè fúyẹ́ ju kékeré tí ó ki lọ.

Ọ̀rọ̀ òkèlè gba àlàyé díẹ̀ sí i, nítorí pé omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyàwó ilé kan ń ro àmàlà kí ó le, èkejì ń rò ó kí ó rọ̀. Àmàlà àwọn méjèèjì lè ga bákan náà nínú àwo, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní èlùbọ́ púpọ̀ ju èkejì lọ. Kò sí ìwé kankan tí ó lè mọ èyí tí ó wà nínú ìkòkò ẹnìkan. Ẹni tí ó rò ó nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Bí èlùbọ́ bá jẹ́ gíráàmù 500, kálórì inú rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí 1,700. Kí a wọn ìkòkò òfìfo, kí a sì tún un wọ̀n pẹ̀lú àmàlà nínú rẹ̀. Bí àmàlà náà bá jẹ́ gíráàmù 1,700, kálórì kan ni ó wà nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì bu gíráàmù 300 ti bu kálórì 300. Bí omi bá pọ̀ sí i tí àmàlà náà di gíráàmù 2,000, gíráàmù 300 kan náà kò ní ju kálórì 255 lọ. Bákan náà ni ti ẹ̀bà àti ti láfún. Bọ̀ọ̀lì ojú títì pẹ̀lú wà lábẹ́ òfin yìí: iná ń lé omi jáde lára rẹ̀, nítorí náà gíráàmù 100 bọ̀ọ̀lì ní kálórì ju gíráàmù 100 ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi ohunkóhun kún un.

Dòdò ni kí a ṣọ́ra fún jù lọ. Kì í ṣe ìrísí rẹ̀ ni ó ń tannijẹ, bí kò ṣe òróró tí ó mu. Ṣíbí ńlá òróró kan ṣoṣo tó nǹkan bí kálórì 120, ó sì ju ohun tí ó wà nínú ẹyin sísè kan lọ. A lè wọn òróró kí a tó dà á sínú agbada, kí a sì wọn èyí tí ó ṣẹ́kù nígbà tí ó bá tutù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ó wọ inú dòdò. Ẹni tí ó bá fi sùúrù wọn ẹran àti òkèlè, tí kò sì wo òróró ojú ọbẹ̀, ti mú èyí tí ó kéré, ó sì fi èyí tí ó pọ̀ sílẹ̀.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ènìyàn máa gbé òṣùwọ̀n kiri ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀? Rárá. Àwọn olùwádìí ti wá ọ̀nà láti so òṣùwọ̀n mọ́ ohun tí ó wà nínú ilé. Ní ọdún 2012, R. A. Sanusi àti A. Olurin tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìwọ̀n oúnjẹ tí àwọn ará Ìbàdàn sábà máa ń bù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì nítorí pé ife àti ègé tí ìwé òkèèrè ń sọ kì í ṣe ife àti ègé tiwa. Kò sí orí ẹja Ìbàdàn nínú àwòrán oúnjẹ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí onílé kọ̀ọ̀kan lè ṣe ni kí ó yá òṣùwọ̀n fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fi wọn ìpọnbẹ̀ àti abọ́ tirẹ̀, kí ó sì fi ọ̀dà sàmì sí inú abọ́ níbi tí òkèlè rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé.

Ní ti bọ̀ọ̀lì, kí ó ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìrísí wọn yàtọ̀ síra, kí ó gé wọn ní ègé tí ó gùn tó ìka àárín rẹ̀, kí ó sì wọn ègé kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà mìíràn tí ó bá dúró níwájú ààrò ní Ring Road, yóò lè sọ fún obìnrin náà ibi tí ọ̀bẹ yóò bọ́ sí. Obìnrin náà lè wò ó tìyanu-tìyanu, kí ó sì béèrè bóyá kò ní ra ìdajì tí ó kù.